Ìdọ̀bálẹ̀ Tí N Kò Gbèrò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé kẹ̀kẹ́ ṣubú lẹ́yìn tí mo ti lé lógójì ọdún, ìkíni ló fà á. Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Òrògùn, n'Ìbàdàn, tó máa ń gbé àga síta láràárọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ títì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kọjá níwájú bàbá yìí láìdúró kí i. Bí o bá kàn juwọ́ sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti sọ fún ìyá rẹ. Mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró, mo ní kí n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀. Bàtà ti há mọ́ pẹ́dà. Mo fà á, kò yọ. Mo tún fà á, kò gbọ́. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí odi rẹ̀ ti wúwo jù fún. Àyè tiẹ̀ wà fún mi láti rò ó nínú ara mi pé "mo ń ṣubú lọ nìyí," kí n tó balẹ̀ gbìì níwájú bàbá, tèmi tìkẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi ṣì wà lórí háńdù.

Bàbá wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ó tó. Ò bá kí mi lóòró náà."

Kí n yáa là á yé yín: kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Máwà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, kó tó di pé a ń fojú ẹni tí kò rí já jẹ wo ẹni tó bá gùn ún. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Mókọ́lá. Nígbà tí epo wọ́n, tí owó Micra, takisí ìgboro wa, àlọ àtàbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè tí mò ń rí lórí káàdì ìgbéyàwó, mo ní ó yá, kẹ̀kẹ́ ló kù. Tòkunbọ̀ ni mo rà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó níbi púpọ̀, àmọ́ táyà rẹ̀ ṣì dára, jíà rẹ̀ sì ń wọlé. Ibi pẹ́dà nìkan ló rí bákan. Kò ní pẹpẹ tí èèyàn ń tẹ ẹsẹ̀ lé. Irin ṣókí kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, ó ní eyín níwájú, ó ní eyín lẹ́yìn, sípíríǹgì wà láàárín. Ẹni tó tà á fún mi ní pẹ́dà ọ̀hún ti já, pé kí n lọ ra òmíràn.

Mo yá sípánà, mo ní màá tú u fúnra mi. Ti ọ̀tún tú wẹ́rẹ́. Mo dé ti òsì, mo yí i, yí i, òógùn bò mí, mo pe ọmọ alájọgbélé wa, àwa méjèèjì so mọ́ sípánà bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀. Kò mì. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ṣángò, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. "Ẹ̀yin lẹ ń dì í mọ́ra. Nọ́ọ̀tì gbogbo ayé, òsì la ń yí i sí kó tó tú. Pẹ́dà òsì nìkan ló jẹ́ pé ọ̀tún ni, kí wíwa kẹ̀kẹ́ má baà máa tú u bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ." Ó wá fi àtàǹpàkò te sípíríǹgì yẹn wò. "Ta ló ní pẹ́dà yìí já? Kò já. Bàtà ẹ̀ ni ò sí níbẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó ti fóònù mi. Clipless ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kò ní clip. Orúkọ yẹn rú mi lójú, torí dídi bàtà mú ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Àṣé láyé ìgbà kan, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje máa ń ti orí bàtà bọ inú irin kan tó rí bí àgò lórí pẹ́dà, wọn á sì fi bẹ́líìtì awọ fún un pọ̀. Àgò yẹn ló ń jẹ́ clip. Ní 1984, iléeṣẹ́ Look ti ilẹ̀ Faransé, tó ti ń ṣe ohun tó ń di bàtà mọ́ pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, gbé ọgbọ́n kan náà wá sórí pẹ́dà kẹ̀kẹ́. Àgò kúrò níbẹ̀, orúkọ dúró. Ní 1985 tó tẹ̀ lé e, Bernard Hinault, ọmọ Faransé kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje, fi pẹ́dà yìí gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé. (Yìnyín tí àwa mọ̀ n'Ìbàdàn ni èyí tó ń bá òjò bọ́ sórí páànù. Ẹ wá wo bí ohun tí wọ́n ṣe nítorí yìnyín ṣe gbé mi ṣubú lábẹ́ igi máńgòrò.) Ti ara kẹ̀kẹ́ mi, SPD ni, iṣẹ́ Shimano, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Japan, ó jáde ní 1990. Irin tó ń wà lábẹ́ bàtà rẹ̀ kéré, bọ́ọ̀tì méjì ló dì í mú, ó sì rì wọnú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà débi pé èèyàn lè fi rìn wọ ọjà. Ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí títì ní bọ́ọ̀tì mẹ́ta, ó yọ síta. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ.

Bàtà ni mo wá kiri. Mo rí i láàárín òkìtì òkìríkà kan ní Dùgbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní bàtà bọ́ọ̀lù ni, pé eyín abẹ́ rẹ̀ ló já. Mo dojú rẹ̀ dé, mo rí ihò gbọọrọ méjì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, àyà mi fò, ṣùgbọ́n mo fajú ro, mo sì ná an gẹ́gẹ́ bíi bàtà bọ́ọ̀lù tí eyín rẹ̀ já. Irin abẹ́ rẹ̀ ni mo ra ní tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ SH56 sí lára máa ń yọ síbi púpọ̀, bí ẹ̀rù bá bà ọ́ tí o já ẹsẹ̀ sókè tagbáratagbára, ó lè jọ̀wọ́ rẹ. SH51, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń gbà yọ. SH51 ni mo rà, torí òun ni mo kọ́kọ́ rí. Mo dì í lọ́jọ́ Sátidé, mo gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ti gbọ́ ìyókù.

Lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo wá lọ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sí pásẹ́ẹ̀jì ilé wa, mo gun orí ìjókòó, mo fi èjìká ti ògiri. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, kàn! Ó jáde, pá! Kàn. Pá. Àádọ́ta ìgbà fún ọ̀tún, àádọ́ta fún òsì, lálaalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó mi ní òun kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ń pa èkùrọ́ ní pásẹ́ẹ̀jì.

Ibi ògiri yẹn ni mo ti rí ohun tó ṣe mí gan-an. Láti kékeré, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ mọ̀ tó fi ń kúrò lórí pẹ́dà: gbé e sókè. Sípíríǹgì yìí kò mọ ìyẹn. Bí o bá gbé e sókè, á tún dì ọ́ mú ni, torí ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni kí gìgísẹ̀ yí síta, kí orí ẹsẹ̀ má kúrò níbi tó wà, bí ẹni tó fẹ́ fi gìgísẹ̀ ti ewúrẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Kò gba agbára rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù bá dé, ẹsẹ̀ á gbàgbé ewúrẹ́, á padà sí ohun tó kọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe é títí tí kò fi ní ọwọ́ ọpọlọ nínú mọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ì bá ti gbà mí sílẹ̀ lọ́jọ́ bàbá. Sukúrúù kékeré kan wà lójú kọ̀ọ̀kan pẹ́dà, Allen key 3 mm, irin onígun mẹ́fà kan, ló ń yí i, wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ àti ti àyọkúrò sí i lára. Òun ló ń sọ bí sípíríǹgì ṣe máa le tó. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ lókè òkun lọ́hùn-ún, ó ní láti jẹ́ géńdé, torí ó ti yí gbogbo rẹ̀ le dé òpin. Láti ọjọ́ yìí wá, pẹ́dà tí àjèjì dì ní ìwọ̀n itan tirẹ̀ ni mo ti ń bá jà. Mo dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí àyọkúrò, mo sì gun orí ìjókòó. Pá! Bí ẹni tó ṣí ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Mo lọ sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé méjì, koríko ló wà níbẹ̀, mo kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà méjèèjì. N kò ṣubú. Mo rò pé ó ti parí.

Ohun tí pápá kò ní ni Micra. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé Micra kò ní ibùdókọ̀ kan pàtó. Ibi tí èrò bá ti la ẹnu ni ibùdókọ̀. Mo wà lẹ́yìn ọ̀kan níwájú géètì Poly, eré ọ̀hún kò pọ̀. Lójijì, bíréèkì. Mo tẹ tèmi, mo dúró, ààyè sì wà láàárín wa. Mo yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, pá! bí ẹni tí wọ́n bí i mọ́. Kẹ̀kẹ́ wá tẹ̀ sí òsì.

Ẹ gbọ́ mi yé: ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nínú afẹ́fẹ́, ó ń dúró de ilẹ̀, ara sì ń lọ sí òsì níbi tí ẹsẹ̀ ti wà ní dídè. Mo na ọwọ́ òsì síta kí n fi gba ara mi. Ọrùn ọwọ́ yẹn wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò lè gé pépà ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò tó bá mi wò ó ní kò ṣẹ́, ó sì bi mí léèrè ìdí tí n kò fi di háńdù mú bí mo ṣe dì í mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí èjìká àti itan ní ẹran tó lè gba ìṣubú ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi yà bàrá, ó bú mi dáadáa, ó lọ síwájú díẹ̀, ó dúró, ó padà wá gbé mi dìde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é n'Ìbàdàn nìyẹn, èébú á kọ́kọ́ dé, àánú á tẹ̀ lé e.

Ohun méjì ni mo mú kúrò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹsẹ̀ yọ nígbà tí táyà ṣì ń yí, kì í ṣe ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró. Kẹ̀kẹ́ tó ń lọ kì í ṣubú. Èyí tó ti dúró ló ń ṣubú. Bí mo bá ti rí i pé ó ṣeé ṣe kí n dúró, ẹsẹ̀ á ti jáde. Bí mi ò bá padà dúró mọ́, kí ló bàjẹ́? Mo tún dì í, kàn. Ẹsẹ̀ tó bá sì yọ ni ara gbọ́dọ̀ bá lọ: mo máa ń sún ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀ síhà ọ̀hún kí n tó dúró tán, kí kẹ̀kẹ́ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yan ibi tó wù ú.

Èkejì, etí ni mo fi ń wa kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn Micra báyìí. Fèrèsé wọn máa ń wà ní ṣíṣí nítorí ooru. Bí mo bá ti gbọ́ "Ó wà o!" láti inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi á ti jáde kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ bíréèkì. Àwọn ìyá tó ń tọjà Bódìjà bọ̀ máa ń ké e kí gbogbo títì gbọ́, Ọlọ́run bù kún wọn. Àwọn ọmọ Poly ló máa ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọn ni mo ń bẹ̀rù.

Ẹsẹ̀ wo ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára díẹ̀. Fídíò tí mo fi kọ́ ọ, àwọn ará Ìlú Ọba ló ṣe é, wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì, torí apá òsì ni ẹ̀gbẹ́ títì wà fún wọn. Àwa náà ń wakọ̀ lápá òsì bíi tiwọn títí di 1972 tí ìjọba yí wa sí ọ̀tún. Nítorí náà ti wa, ọ̀tún ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wà lápá ọ̀tún títì wa? Gọ́tà. Gọ́tà tí kò ní ìdérí, tí ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan lápá Agbowó, mo yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún bó ṣe tọ́, mo tẹ̀ sí ọ̀tún bó ṣe tọ́, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Orí ọ̀pá iná kan ni mo fọwọ́ gbá mú tí n kò fi wọlé lọ. Bí mo bá ní kí n máa lo òsì, ojú títì níbi tí dáńfó ti ń bọ̀ ni màá máa tẹ̀ sí, ìyẹn burú jù. Mo dúró lórí ọ̀tún, ṣùgbọ́n n kì í súnmọ́ gọ́tà ju ìwọ̀n apá mi kan lọ mọ́, kódà kí àwọn ọkọ̀ máa fọn fèrè títí. Ìyà kékeré kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ ni pé ọ̀tún ni ṣéènì wà, bí mo bá dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn, gíríìsì á fi eyín rẹ̀ sàmì sí ojúgun mi. Ìyàwó mi máa ń bi mí bóyá èmi ni mò ń wọ ṣòkòtò àbí ṣéènì.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù kò tilẹ̀ gbé mi ṣubú. Ìgbà òjò ni, ẹrẹ̀ pupa àdúgbò wa ti kún abẹ́ bàtà mi. Mo dé iwájú géètì Yunifásítì, mo ní kí n dúró ra àkàrà, mo yí gìgísẹ̀ síta. Bàtà yí. Ó yí dáadáa, ó tiẹ̀ yí kọjá ibi tó máa ń yí dé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ "pá". Mo tún yí i. Bàtà ń yí lórí irin, irin kò yí nínú pẹ́dà. Ọ̀kan nínú bọ́ọ̀tì méjèèjì ti já bọ́ sójú ọ̀nà, n kò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, èyí tó kù sì ti di ọ̀pá àárín tí gbogbo rẹ̀ ń yí ká. Pẹ̀lú bọ́ọ̀tì kan, kò sí bí èèyàn ṣe lè yí ẹsẹ̀ kó jáde.

Mo dúpẹ́ pé mo ti yọ ọ́ wò nígbà tí táyà ṣì ń yí. Mo ṣì ní àyè. Mo yọ ẹsẹ̀ òsì, mo fi òsì dúró, mo tú okùn bàtà ọ̀tún, mo fa ẹsẹ̀ jáde, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nínú omi òjò, bàtà ń fì lára pẹ́dà bí ẹran tí alápatà so kọ́. Ìyá alákàrà bojú wò mí, ó wo bàtà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ṣé wọ́n ti ta kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ bàtà ni?" Nínú gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí kò rẹ́rìn-ín. Mo ra àkàrà náà. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Láti ìgbà yẹn, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń dojú bàtà dé, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó họ ẹrẹ̀ kúrò, mo sì ń fi Allen key 4 mm dán bọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ìgbà tí mo ń dì í padà ni mo tún rí i pé ọ̀tún mi ti wọ́ díẹ̀, ó jẹ́ kí orí ẹsẹ̀ máa kọjú sínú, orúnkún tó sì ti ń ro mí láti bí oṣù kan lọ nígbà tí mo tún un ṣe. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti wá; ọjọ́ orí ni mo ti dá lẹ́bi.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ó tó gbogbo wàhálà yẹn. Ẹni tó bá ní wàá máa fa pẹ́dà sókè bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pé wàá dà bí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Lórí òkè Mókọ́lá, ẹsẹ̀ tó ń tẹ mọ́lẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́. Ohun tí mo rí gbà ni pé ẹsẹ̀ mi kì í yọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kó sí kòtò láàárín òjò, ẹsẹ̀ á fò kúrò, pẹ́dà á yí po, á sì gbá mi lójúgun. Àpá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìkẹrin kò tíì dé láti ìgbà tí mo ti ń lo èyí. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú ọjà nìkan ló ń wà á, tó ń dúró ní gbogbo ìṣẹ́jú, kó lo pẹ́dà pẹlẹbẹ rẹ̀ láìtijú.

Bàbá abẹ́ igi máńgòrò ṣì wà níbẹ̀ láràárọ̀. Mo máa ń yọ ẹsẹ̀ láti ibi òpó iná tó ṣáájú ilé wọn, pá!, kẹ̀kẹ́ á máa rọra yí bọ̀, màá dúró, màá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, màá kí i dáadáa lóòró. Kò tíì gbà mí gbọ́. Bó bá ti gbọ́ "pá" yẹn, á kọ́kọ́ gbé ife kọfí rẹ̀ kúrò nílẹ̀, á fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga, kó tó wá dáhùn pé, "Káàárọ̀, ọmọ mi."